Yàrá Òtútù

Ẹ wò ó, kọ́kọ́rọ́ yìí kò tíì dípẹtà.
Epo pupa ni mo fi ń pa á ní gbogbo Sátidé.
Àwọn ọmọ Òkè-Oníìgbìn ti sọ mí ní Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́;
àwọn mìíràn nínú wọn ò mọ̀ pé Àwẹ̀ró ni mò ń jẹ́.

Ọdún tí kajú so títí ẹ̀ka ń kanlẹ̀ ni àwọn àlejò wá.
Wọ́n ti ìlú kan wá tí òtútù ń já bọ́ lójú ọ̀run lọ́fẹ̀ẹ́,
tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó o dànù lẹ́nu ọ̀nà,
tí wọ́n ń dáná nítorí rẹ̀ tọ̀sán-tòru.
Wọ́n ní àwọn yóò fún wa ní díẹ̀ nínú rẹ̀:
fíríìjì kan ṣoṣo, tí oòrùn tiwa yóò máa bá ṣiṣẹ́,
kí abẹ́rẹ́ àjẹsára lè rí ibi sùn.

Àgbà ní ẹni tó bá ní òun ó fún ọ láṣọ,
ti ọrùn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò.
A wò ó. Ó mọ́, ó tuntun, bọ́tìnnì rẹ̀ pé.
Òwe ọ̀hún kò bá wa dé ibi tó kù.

Wọ́n ní kí a kọ́ yàrá. A kọ́ ọ.
Aláàjà Ràfátù ta ewúrẹ́ tó lóyún,
Ẹsáù kan ilẹ̀kùn, kò gba kọ́bọ̀,
Àjíbóyè Bíríkìlà mọ pèpéle gẹ́gẹ́ bí ìwé wọn ti wí,
ó ri irin mẹ́rin mọ́ sìmẹ́ńtì,
ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.
Irin mẹ́rin náà ṣì nàró.
Wọ́n ti fà mí láṣọ ya lẹ́ẹ̀mejì níbi tí mo ti ń gbálẹ̀.

Ọdún kìíní, wọ́n ní ìjọba wọn yí padà.
Ọdún kejì, ogun bẹ́ níbì kan, ojú wọn yí síbẹ̀;
mi ò bínú, ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó là á kọ́kọ́ bomi fún.
Ọdún kẹta, éèyi wọ ìlú.
Nọ́ọ̀sì Modinátù gbé kúlà lórí ọ̀kadà láti Òmù-Àràn,
yìnyín di omi kó tó dé ibi tí ọ̀nà ti já.
Mi ò ní sọ iye ọmọ.
Àwọn ìyá wọn wà nítòsí, wọ́n lè gbọ́.

Kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni:
nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n ṣèlérí, ó dé, ó sì pé.
Abẹ́ ọ̀kan ni mo ń sùn.
Bóyá òun ni kò jẹ́ kí ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́dún karùn-ún, ọmọbìnrin kan dé tòun ti ìwé ìbéèrè.
Ó ní láti ení dé àárùn-ún,
báwo ni fíríìjì náà ṣe tẹ́ wa lọ́rùn tó?
Mo ṣílẹ̀kùn.
Ó dúró. Ó fọwọ́ kan irin kan, ó fọwọ́ kan èkejì.
Ó ní nínú ìwé tiwọn lọ́hùn-ún, ó ti dé.
Owó rẹ̀ ti tán:
owó ẹni tó wá yẹ ilẹ̀ wò,
owó ẹni tó wá yẹ ẹni tó yẹ ilẹ̀ wò wò,
òtẹ́ẹ̀lì ní Ìlọrin, ọkọ̀ òfuurufú ní àlọ àti àbọ̀,
ìwé aláràbarà tí àwòrán Ràfátù wà níwájú rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín.
Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ sí orúkọ wa.
Wọ́n ka àwo sí wa lọ́rùn, a ò fẹnu kan oúnjẹ.

Mo bu omi fún un. Inú àmù ni mo ti bù ú,
àmù tí mo gbé sáàárín irin mẹ́rin,
tí mo fi àpò ìdọ̀họ tí mo rẹ sómi wé.
Ó mu ún. Ó ní, “Ó tutù.”
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Kò tutù tó fún abẹ́rẹ́.

Àjíbóyè ní ká gé irin náà, ká kó iṣu síbẹ̀.
Mo ní kó dúró ná.
Kì í ṣe pé mo ṣì gbà wọ́n gbọ́.
Bí a bá gé e, kí ni yóò jẹ́rìí pé àwa ṣe tiwa?