Ẹni Tó Ń Pe Ilé ní Ulé

Nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, ní Ìkọ̀lé,
èmi àti Adébùsúyì ń dá ayé kan.
Òun ló ń ya àwòrán, èmi ni mo ń kọ ìtàn.
Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà bá ké, ògiri a gbọ̀n,
òkè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà a gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀.

Ìran mẹ́ta la dá.
Àwọn Ọmọ Òkè wọṣọ funfun, eyín wọn gún,
ìmọ́lẹ̀ a máa tẹ̀ lé wọn bí ajá.
Àwọn Ará Etídò ń tajà fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ́gun;
wọn kì í bínú, wọn kì í gbàgbé gbèsè.
Ìyókù ni Ìran Eérú.
Mi ò ronú púpọ̀ lórí tiwọn.
Mo ní kí wọ́n máa gbé inú ihò,
kí ọ̀gá wọn, Ajólé, máa tiro,
kí ojú rẹ̀ kan fọ́,
kó máa rẹ́rìn-ín nígbà tí nǹkan kan ò pa á lẹ́rìn-ín.
Ṣebí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dá wọn mọ̀ nínú àlọ́?
Ìyálé ni yóò fi májèlé sọ́bẹ̀.
Abuké ni yóò gbé ọmọ ọba lọ.
Àlejò tó bá sì wọ̀lú lálẹ́,
a ò tíì bi í lórúkọ
tí a ti mọ ohun tó fi pamọ́ sábẹ́ agbádá.

Ó wá ku ohùn.
Adébùsúyì ní kí Ọmọ Òkè máa sọ Yorùbá rédíò,
èyí tó dán, tí wọ́n fi ń ka ìròyìn aago mẹ́fà.
Fún Ìran Eérú, ó ní ká wá ohùn tó le, ohùn ará ugbó.
"Ugbó" ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò gbọ́ ara rẹ̀.
Èmi náà ò gbọ́.
Mo gbé fóònù sẹ́nu, mo wá ohùn tí mo ń sọ
kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga,
mo fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ díẹ̀ sí i:
"Ẹ kúrò núlé mi!"
A rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi múná lọ.

Ìbídàpọ̀, ọmọ fọkanáísà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
ló kọ́kọ́ ta géèmù náà.
Ó ra idà láwìn lọ́wọ́ Ará Etídò,
ó pa Eérú mẹ́tàlá láìmí kanlẹ̀,
ó dé ẹnu ihò.
Ajólé tiro jáde. "Ẹ kúrò núlé mi!"
Ọmọ náà gbọ́wọ́ kúrò. Ó wojú mi.
"Bí ìyá àgbà wa ní Ìlasà ló ṣe ń sọ̀rọ̀.
Ṣé ulé rẹ̀ nìyí?
Kí la wá wá síbẹ̀?
Ta ló fọ́ ọ lójú?"

Àádọ́rin ojú ìwé ni mo kọ.
Mi ò kọ ibi tí wọ́n ti ń dáná,
mi ò kọ orúkọ ọmọ kan ṣoṣo.
Ní ti ojú yẹn, èmi ni mo fọ́ ọ,
ní ọjọ́ Ẹtì kan,
kí n lè tètè lọ jẹun.

Adébùsúyì ń bínú. Ó ní ìtàn tí kò lọ́tàá, ọbẹ̀ aláìníyọ̀ ni.
Òótọ́ ló sọ. Mi ò sọ Ajólé di ẹni mímọ́;
ó ṣì ń jólé onílé, ó ṣì yẹ kí a dojú kọ ọ́.
Ṣùgbọ́n mo ti kọ ebè mẹ́fà sẹ́yìn ihò rẹ̀,
mo sì ti tún ohùn Ọmọ Òkè kan ṣe,
aṣọ́bodè tó wọ funfun jù wọ́n lọ:
bí ẹ̀rù bá bà á, òun náà a pe ilé ní ulé.

Ìbídàpọ̀ ṣì ń yà bí wọ́n bá jáde níléèwé.
Kò béèrè idà mọ́.
Ẹ̀yìn ihò ló ń lọ tààrà,
ó ń béèrè bóyá usu ti hù.
Kò tíì hù.
Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ òjò.