Àlàfo Mọ́kàndínlógún

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé aṣọ tán ni wọ́n máa ń gbé e wá,
wọ́n á ní, "Télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ó ku rírán."
Ẹlòmíì ò tilẹ̀ wọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́.
Èmi á jókòó sí yàrá kékeré yìí l'Ákọkà,
lẹ́yìn ilé ìkàwé, níbi tí fáànù ti ń mirí bí ẹni ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́,
èmi á gba fláàṣì, èmi á ṣí i, èmi á mí kanlẹ̀.
Iṣẹ́ mi nìyẹn: oníṣirò àwọn olùwádìí.
Títí dòní, ìyá mi ń sọ fún ará Ṣómólú pé báǹkì ni mo wà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ìyùnadé wọlé láti Ìdí-Àràbà,
nọ́ọ̀sì tó ń kàwé kún ìwé,
ẹrẹ̀ Mákòko ṣì wà ní bàtà rẹ̀.
Igba obìnrin ó lé méjìlá ló wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn,
lẹ́ẹ̀kan kó tó kọ́ wọn bí a ṣe ń dín iyọ̀ kù,
lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.
"Ọ̀jọ̀gbọ́n Dósùnmú ní kí píì má ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ.
Ẹ bá mi wá a, ẹ̀gbọ́n."

Bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó sọnù.

Mo tẹ̀ ẹ́ wò. Píì kéré. Ó kéré débi tí inú ń dùn.
Ṣùgbọ́n mo rí wọn lápá ọ̀tún, lábẹ́ ìwọ̀n kejì,
funfun, funfun, funfun,
bí àlàfo eyín lẹ́nu arúgbó.
Mo kà wọ́n. Mọ́kàndínlógún.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"
"Wọn ò padà wá. Mo ti yọ wọ́n.
Àbí kí n fi àárín dí i? Ẹnì kan ní kíláàsì wa ní ó ṣeé ṣe."

Ó ṣeé ṣe. Kọ̀ǹpútà ò ní bú ọ.
Ṣùgbọ́n gbọ́ orúkọ tí èdè wa sọ iye yẹn:
mọ́kàn-dín-lógún. Kò ka mẹ́sàn-án lé mẹ́wàá.
Ogún ló kọ́kọ́ tẹ́ ẹní fún,
ó wá ń béèrè ẹnì kan tí kò wọlé.

N ò sọ ọ́ báyìí fún un, ìtìjú ò jẹ́.
Ohun tí mo sọ ni: "Lọ wá wọn."
Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi.
Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ;
wọn ò sọ pé ká má wá ọmọ tó sọnù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òjò. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lẹ́bàá Afárá Kẹta,
ó ń pe orúkọ láti ojú fèrèsé dé ojú fèrèsé.
Ìyá Sẹ́tọ̀njí, nọ́ńbà kẹrìnléláàádọ́rin,
ń yan ẹja nínú èéfín, kò gbójú sókè:
"Ọjọ́ Ẹtì lẹ ní ká wá. Ọjọ́ Ẹtì ni ẹja ń dé.
Iyọ̀ tí ẹ ní ká dín kù, òun la fi ń tọ́jú rẹ̀."

Mọ́kànlá ló rí, ẹ̀jẹ̀ wọn ga bíi ti tẹ́lẹ̀.
Mẹ́ta ti kú. Ó kọ ọjọ́ ikú wọn síbi tó yẹ kí iye wà,
n ò sì ní ọkàn láti sọ fún un pé ibẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀.

A tún un ṣe. Píì gbéra, ó kọjá ibi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ààlà sí.
Ó wojú ẹ̀rọ pẹ́. Fáànù ń mirí.
"Ṣé iṣẹ́ mi ti bàjẹ́ nìyẹn?"
Mo ní rárá, ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di iṣẹ́.
Ọ̀rọ̀ dídùn. Èmi kọ́ ni máa dúró níwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ó ku márùn-ún. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n gbà lọ;
òpó ilé wọn ṣì wà nínú omi, pákó ti lọ.
A fi àyè wọn sílẹ̀ ní funfun nínú tábìlì kẹrin,
a sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà kékeré:
a wá wọn, a ò rí wọn.

Iná lọ bí mo ṣe fẹ́ tọ́jú rẹ̀.
Nígbà tó dé, àlàfo yẹn ni mo kọ́kọ́ kà.
Márùn-ún.