Lẹ́tà Casimir

Yìnyín ti dí ọ̀nà Oswego láti oṣù kọkànlá.
Alùpùpù wà nínú gáréèjì, tapólì lórí rẹ̀,
táyà ti rọ̀.
Ta ni yóò gùn ún? Verna kò mọ̀ ọ́n gùn.
Ló bá dá owó adójútòfò dúró.

Ìjọba kọ̀wé lóṣù kẹta:
“Casimir, o kò dá nọ́ńbà padà.
A ti gbẹ́sẹ̀ lé ìwé ọkọ̀ rẹ.
Má gùn ún mọ́.”

Má gùn ún mọ́!
Verna rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Ó mú sípánà, ó tú nọ́ńbà.
Ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ ọn lẹ́yìn.
Ó fẹ́ nù ún,
ó fi í sílẹ̀.

Níbi tí wọ́n ní kó kọ ìdí sí,
ó kọ ọ́: ẹni tó ń gùn ún ti sọ̀ kalẹ̀.