Òdo ni Ẹnu Ọ̀nà Wa

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ onímárúwá la yà á sí.
Ọmọ mi, Ọ̀ṣunwùmí, ya àmì róbótó róbótó,
ó ní oríta ni wọ́n:
Ọláìyá, Òkè-Fìà, Ìgbọ̀nà, Sábó, Alékùwodò.
Ó fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì,
ó bi mí ní iye ìṣẹ́jú orí ìlà kọ̀ọ̀kan.
Èmi tí mo ti wa kẹ̀kẹ́ fọ́dún mẹ́tàlá,
mo dá a lóhùn bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ ìyá rẹ̀.

"Bàbá, ẹnu ọ̀nà wa ni òdo.
Àwọn oríta yòókù, ẹ jẹ́ á pè wọ́n ní àìlóǹkà.
Èyí tó kéré jù la ó kọ́kọ́ mú.
A ó bi àwọn aládùúgbò rẹ̀ léèrè:
bí a bá gba ibí wá sọ́dọ̀ yín, ṣé kò ní yá?
Bó bá yá, ká pa iye àtijọ́ rẹ́.
Èyí tí a bá ti tì, a ò ní ṣí i mọ́."

Béèyàn ṣe ń ṣán oko ni, mo wí lọ́kàn mi:
ibi tó sún mọ́ ọ lo kọ́kọ́ ń ṣán.

Ilé wa sí ọsibítù Asùbíaró, ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Ó fi bírò pupa tẹ ìlà náà mọ́lẹ̀.

Lóru Tọ́sìdeè, òjò ń rọ̀,
ìyàwó Sàlíù bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí.
Ìlà pupa wà lójú mi kedere.
Mo dé Ìgbọ̀nà, mo yà kúrò lórí ẹ̀,
mo gba ibi tó jìn.
Sàlíù pariwo: "Ọ̀nà kọ́ nìyí!"
Mi ò fèsì.
Kòtò mẹ́tàdínlógún ló wà lórí ìlà pupa.
Ìdí mi ló kà wọ́n.
Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún.
Ọmọ náà dúró títí a fi wọ géètì.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ro ó fún Ọ̀ṣunwùmí.
Ó wo ìlà rẹ̀ títí.
"Ṣé ìṣirò mi ò tọ̀nà ni?"
Ó tọ̀nà. Ìṣẹ́jú lo bi mí, ìṣẹ́jú ni mo sọ.
Ó mú írésà, ó pa gbogbo iye rẹ́.
"Ẹ ka kòtò fún mi."
Tíì mi ti tutù.
"Òdo ni ẹnu ọ̀nà wa, Bàbá. Ẹ bẹ̀rẹ̀."

Irọ́ ni. Ọ̀kan wà níbẹ̀ náà,
mo ti ń sọ pé màá dí i láti ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá.