Bíbọ̀ Iná

Lílọ iná kọ́ ni mo ń bẹ̀rù.
Bíbọ̀ rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tó dé lójijì ní Ṣómólú,
àwọn ọmọdé hó yèè,
kọ̀ǹpútà mi náà hó, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
èéfín sì yọ lẹ́yìn rẹ̀.
Ìtàn tí màmá mi sọ fún mi kó tó dákẹ́,
ojú ewé mọ́kànlélógójì,
ó bá a lọ.
Sànjọ́ tú ikùn ẹ̀rọ, ó mi orí:
“Ẹ ò ra sàtabiláísà ni?”
Owó ilé ni mo kọ́kọ́ san.

Àpótí dúdú kan ti wà lábẹ́ tábìlì báyìí,
bátìrì rẹ̀ wúwo bí ọmọ ọdún kan.
Bí iná bá lọ, á ké: píì, píì.
Ìṣẹ́jú méjìlá ló fún mi
kí n tọ́jú ọ̀rọ̀, kí n pa á, kí n yọ wáyà.

Ìta tún ń hó: “Wọ́n ti mú un dé o!”
Mi ò dìde.
Wáyà wà lọ́wọ́ mi bí ìrù ẹran.
Mò ń wo gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀:
ó pọ́n, ó funfun, ó tún pọ́n.
Kó fara balẹ̀ ná.
Ojú ewé mẹ́sàn-án péré ni mo tíì rí rántí.