Àpáàdì Inú Amọ̀

Ní Dada, l'Ókèlele, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ni ìyá mi ń rìn.
Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́,
ọwọ́ kan nínú ìkòkò, ọwọ́ kan lára rẹ̀ níta,
wọ́n á máa yí i po, wọ́n á máa fà sẹ́yìn,
ìkòkò á máa ga sókè.
Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan:
"Ṣé ẹni tó ń rìn sẹ́yìn lè dé ibì kan?"
Wọ́n ní, "Bu omi sí amọ̀ yẹn."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́jọ́ tí mo gbọ́n jù wọ́n lọ.
Ìkòkò méjìlá ń gbẹ lábẹ́ òjìji, ọjọ́ karùn-ún rèé.
"Kò tíì gbẹ," lónìí; "kò tíì gbẹ," lánàá,
bí ẹni pé amọ̀ ń gbààwẹ̀ tí oṣù ò sì fẹ́ lé.
Wọ́n lọ kírun Alásárì.
Mo kó koríko, mo kó ìgbẹ́ màlúù,
mo to gbogbo rẹ̀ jọ, mo ṣáná sí i.
Mo fẹ́ kí wọ́n dé kí wọ́n bá a tó ti pọ́n,
kí wọ́n pè mí lọ́kọ wọn.
Omi tó fara pamọ́ sínú amọ̀ kò gbàgbé ara rẹ̀.
Gbàù! Ọ̀kan. Gbàù! Ìkejì.
Ewúrẹ́ Yàkúbà já okùn, ó di ìsàlẹ̀ odò.
Nígbà tí wọ́n máa fi dé, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù,
òun náà ti la ẹnu.

Wọn ò nà mí. Ìbá sàn kí wọ́n nà mí.
Wọ́n ṣa àfọ́kù sínú agbọ̀n, wọ́n gbé odó jáde,
wọ́n ní, "Gún un."
Mo gún un títí tó fi kúnná bí èlùbọ́.
Wọ́n pò ó mọ́ amọ̀ tútù.
"Amọ̀ tí kò ní àpáàdì nínú, iná ni yóò là á."
Wọ́n wí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fà sẹ́yìn lọ.

Ẹ ó rò pé mo kọ́gbọ́n.
Mo ti lé lógójì ọdún nígbà tí Láwàní dé láti Ọ̀fà
pẹ̀lú báàgì dúdú àti bàtà tó ń dán:
"Mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó wá.
Ọ̀sẹ̀ méje péré, ó ti di mílíọ̀nù."
Owó ilé ọdún mẹ́sàn-án ni, owó búlọ́ọ̀kù, owó páànù.
Mo kà á fún un, mo tún dúpẹ́.
Mo ti ń bèèrè iye mọ́tò ní Táíwò!
Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.
Alángbá kan jókòó lórí àga,
ó ń mi orí sí mi,
bí ẹni pé ó ti yé e tipẹ́.
Àwa mẹ́tàdínlógún la dúró nínú oòrùn.
Tísà wà níbẹ̀. Ẹni tó ha Kùránì sórí wà níbẹ̀.
Láwàní nìkan la bú;
kò sẹ́ni tó bú ara rẹ̀.

Mo padà sí Dada lálẹ́. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán
tí ìyá mi, tí ẹ̀yìn wọn kò na mọ́,
fi ẹsẹ̀ ti odó sọ́dọ̀ mi.
Àfọ́kù wo? Mi ò bi wọ́n.

Ọdún kejì rèé tí mo ti ń wa amọ̀, tí mo ń gún, tí mo ń pò.
Mo ń rìn sẹ́yìn, mo ń fẹsẹ̀ kọ ìkòkò ẹlòmíràn,
Ìyá Múínátù ń rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú wọn:
"Ọkùnrin amọ̀kòkò! Rọra, ọkọ mi."
Ìkòkò mi àkọ́kọ́ jáde nínú iná lọ́jọ́ Àlàmísì.
Ó fì sápá kan. Ó ń jò díẹ̀.
Ìyá mi fi ìka kàn án, wọ́n tẹ́tí sí i,
wọn ò sọ nǹkan kan.
Wọ́n gbé e sídìí ògiri, wọ́n bu omi sí i.
Adìyẹ wọn ti ń mu nínú rẹ̀.