Ike Bọ́tà

Bàbá bàbá mi, òṣómàáló paraku,
gbé aṣọ àwìn láti Iléṣà dé ilẹ̀ onílẹ̀,
ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí owó fi jáde lábẹ́ ẹní.
Ó gun òkè, ó rí owó.
Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀ gun òkè,
ike bọ́tà ni mo rí.

Ẹnì kan ló fi í pamọ́ sábẹ́ àpáta,
tó fi nọ́ńbà ibẹ̀ ránṣẹ́ sí wa,
ìwọ̀n àríwá, ìwọ̀n ìlà-oòrùn,
àwa náà á wá di fóònù mú nínú igbó,
a ó máa bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ tó ń sunkún:
“Dákun, ẹsẹ̀ mélòó ló kù?”
Bí a bá rí ike, a ó kọ orúkọ sínú ìwé pélébé,
a ó mú bọ́tìnnì kan,
a ó fi ọmọ ayò kan rọ́pò rẹ̀,
a ó dá a padà síbi tó wà.
Ó tán. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Ìbíwùmí ti ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà:
bàtà rọ́bà, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá;
tọ́ọ̀ṣì, bátìrì;
dátà, ó ní òun ò lè kà á tán;
ọ̀kadà àlọ, ọ̀kadà àbọ̀;
oògùn ejò tí a ò tíì lò, kí Olúwa má jẹ́ ká lò ó.
Ó fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo rẹ̀,
ó kọ ọ́ gàdàgbà: ÈRÈ, BỌ́TÌNNÌ KAN.
Mi ò bá a jiyàn.
Bọ́tìnnì náà ti wà lára ṣẹ́ẹ̀tì mi.

Àwa méje péré là ń ṣe é ní gbogbo Iléṣà,
a sì ti pín sí mẹ́ta.
Fáṣọ̀rántì ní inú igbó nìkan ló tọ́,
pé ike tó wà lẹ́yìn ọjà Ẹrẹ́jà, ìdọ̀tí ni.
Arówólò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò jẹ́ tirẹ̀ mọ́,
bi í pé ta ló fi eré jogún fẹ́lẹ́sẹ̀ méjì.
Mofọ́lúwawò ń kọ orúkọ síbi tí kò dé:
ó ní òun dé bèbè odò lọ́jọ́ Tuesdé,
ọjọ́ tí omi gbé afárá lọ!
Látìgbà náà, Fáṣọ̀rántì kì í kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyẹn ni pé, ẹni tó ń ṣòfin fún wa yìí náà
ló fi ike kọ́ igi obì nítòsí Ìtagúnmodì,
létí oko baba kan tí a ò tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀.
Baba rí ohun tó ń mì dirodiro,
ó rò pé wọ́n pààlè mọ́ òun lórí ilẹ̀ òun.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò ká obì.
Ọjọ́ tí a débẹ̀, ọdẹ mẹ́rin ló yí wa ká:
“Góòlù lẹ wá wà!”
Ilẹ̀ tí awakùsà ti gbẹ́ ojú rẹ̀ yọ,
ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́?
Wọ́n gba fóònù. Wọ́n ní ká lóṣòó.
A lóṣòó, ọmọ òṣómàáló,
láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jẹ wá ní kọ́bọ̀.

Baba fi ọ̀pá já ike lulẹ̀, ó ṣí i:
bíró, ọmọ ayò mẹ́ta,
kọ́bọ̀ ayé àtijọ́ kan, ìwé tí òjò ti rin.
Ó wò ó. Ó wò wá.
“Torí èyí?”
Arówólò ní, “Torí èyí ni, bàbá.”
Baba mú kọ́bọ̀ náà, ó ní owó ilẹ̀ òun nìyẹn,
ó yíjú padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká obì.

Lójú ọ̀nà, Mofọ́lúwawò ní ṣé a ó kà á sí rírí,
nígbà tí kì í ṣe àwa la fọwọ́ ara wa já a?
Ìjà náà ò tíì parí títí di òní.
Ike wà nílé mi.
Ìbíwùmí ti fọ̀ ọ́, ó ti bu iyọ̀ sí i.